Ẹ Bi Wá: Tòlótòló Ẹ̀yìnkùlé Fún Ẹni Tó Ṣẹ̀ṣẹ̀ Ń Bẹ̀rẹ̀

Ìbéèrè lórí tòlótòló ló kún àpò lẹ́tà wa lóṣù yìí. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ló ti inú àṣìṣe kan náà wá: ẹ ra tòlótòló, ẹ ń sìn ín bí adìẹ.

Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ra ọmọ tòlótòló ọlọ́jọ́ kan mẹ́fà. Oúnjẹ wà níwájú wọn, omi wà, ara wọn dá ṣáṣá, wọn ò sì yàgbẹ́ gbuuru. Lọ́jọ́ kẹrin, méjì kú. Lọ́jọ́ karùn-ún, ọ̀kan tún tẹ̀ lé wọn. Àrùn wo nìyẹn? (Òǹkàwé kan, Òṣogbo)

Ebi ló pa wọ́n. Kí ọmọ tòlótòló tó jáde nínú èèpo, ó ti fa ìyókù pupa ẹyin sínú ikùn, òun ló sì máa ń gbé e ró fún nǹkan bí ọjọ́ mẹ́ta. Tí ọjọ́ mẹ́ta bá pé tí kò tíì mọ̀ pé ohun tó wà nínú àwo ni oúnjẹ, ó parí nìyẹn. Òròmọdìẹ kì í wá olùkọ́. Bó bá ti ń dìde ló ti ń ṣa nǹkan nílẹ̀. Ọmọ tòlótòló lè dúró sínú oúnjẹ kó máa ké ebi.

Lọ́jọ́ tí wọ́n bá dé, ẹ mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ ki ẹnu wọn bọ omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ẹnu nìkan o, kí omi má wọ imú. Tí ẹ bá rí i pé ó gbé omi mì, ẹ wá ki ẹnu náà bọ oúnjẹ. Ṣíbí ìjẹun kan ṣúgà nínú lítà omi kan tó fún ọjọ́ àkọ́kọ́. Ẹ kó òkúta wẹẹrẹ tó mọ́ tó ń dán sínú àwo omi: dídán rẹ̀ ń pè wọ́n, kò sì ní jẹ́ kí wọ́n rì sínú rẹ̀. Ẹ rẹ́ ewé tẹ̀tẹ̀ àti ẹyin sísè wẹ́wẹ́ sórí oúnjẹ, kí ẹ máa fi ìka ta àwo náà bí ìyá adìẹ ṣe ń fi ẹnu ta á. Ẹ ṣe é léraléra títí ilẹ̀ fi máa ṣú. Kí ẹ tó sùn, ẹ fọwọ́ kan àpò oúnjẹ tó wà lọ́rùn ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Èyí tí tirẹ̀ bá ṣófo, ẹ tún un kọ́.

Ó ṣeé ṣe kí òtútù náà lọ́wọ́ sí i, torí ẹyẹ tí òtútù ń mú kì í wá oúnjẹ, ara ẹgbẹ́ rẹ̀ ló ń wá. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ń fẹ́ ooru bíi 35°C níbi tí ẹ̀yìn wọn wà. Lẹ́yìn náà, ẹ máa dín in kù ní 3°C lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Bí ẹ ò bá ní ohun tí wọ́n fi ń wọn ooru, àwọn fúnra wọn á sọ fún yín. Tí wọ́n bá kó jọ gègèrè tí wọ́n ń ké, òtútù ni. Tí wọ́n bá sá jìnnà síná tí wọ́n la ẹnu, ooru ti pọ̀ jù. Gílóòbù aláwọ̀ yẹ́lò 100 wáàtì ni kí ẹ fi kọ́ sókè wọn. Àwọn gílóòbù funfun tí kì í jẹ iná tí gbogbo wa ń rà báyìí kì í mú ooru tó tó wá, èèyàn tó sì ti fi wọ́n pa ọmọ tòlótòló ò níye. Nǹkan tí a mọ̀ nípa iná ìjọba, ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n, nítorí náà ẹ ní ìkòkò èédú nílẹ̀. Ìta ni kí èédú ti jó títí èéfín á fi tán, kí ẹ tó gbé e wọlé, kí ẹ fi búlọ́ọ̀kù yí i ká, kí ẹ sì ṣí ojú fèrèsé sílẹ̀ lókè. Afẹ́fẹ́ èédú nínú yàrá tí a tì pa ń pa ẹyẹ, ó ń pa èèyàn.

Ẹ má tẹ́ ìwé ìròyìn sílẹ̀ fún wọn: ó ń yọ̀, ẹsẹ̀ wọn á sì yà sọ́tùn-ún sósì láìpadà. Lẹ́búlẹ́bú igi láti sọ́míìlì náà ò dára, wọn á jẹ ẹ́, á dí ìfun wọn. Aṣọ tó le ni kí ẹ tẹ́ fún ọjọ́ mẹ́ta, lẹ́yìn náà pákó fífá tó ká kórokòro tí káfíńtà ń dà nù. Kí àyè wọn rí róbótó, torí inú kọ̀rọ̀ ni wọ́n ti máa ń gun ara wọn pa lóru.

Adìẹ ìbílẹ̀ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló ń jẹ kiri nínú ọgbà mi. Ṣé tòlótòló mẹ́rin lè bá wọn jẹ? (Ìjẹ̀bú-Òde)

Rárá. Àrùn kan wà tí wọ́n ń pè ní blackhead, ìyẹn “orí dúdú”. Orúkọ yẹn ń tan èèyàn jẹ, torí orí ẹyẹ náà lè má dúdú rárá. Inú ìfun àti ẹ̀dọ̀ ni iṣẹ́ rẹ̀ wà. Kòkòrò rẹ̀ ń sá pamọ́ sínú ẹyin aràn kan tó wà nínú ìfun adìẹ. Adìẹ yín lè gbé e kiri láìṣàìsàn. Ó yàgbẹ́ sílẹ̀, ẹyin aràn wà nínú ilẹ̀ fún ọdún mélòó kan, ekòló gbé e mì, tòlótòló sì ṣa ekòló jẹ. Ẹ ó rí i tí ìyẹ́ apá rẹ̀ wọ́lẹ̀, tó ń tòògbé, tí ìgbẹ́ rẹ̀ sì yẹ́lò bí imí ọjọ́. Nígbà tí ẹ bá rí ìyẹn, ọ̀pọ̀ rẹ̀ ti bàjẹ́. Ẹ pe dókítà ẹran lọ́jọ́ náà gan-an, kí ẹ má dúró de ọ̀la.

Ìpínyà nìkan lààbò. Kì í tún ṣe kí ẹ kàn ti adìẹ sápá kan: ilẹ̀ tí adìẹ ti ń ha látọdúnmọ́dún ò yẹ fún tòlótòló. Ẹ kọ́ ilé onísìmẹ́ǹtì fún wọn, tàbí kí ẹ gbé e sókè lórí wáyà. Ẹ ní bàtà ọ̀tọ̀ tí ẹ ó máa wọ̀ wọbẹ̀, ọ̀dọ̀ tòlótòló ni kí ẹ sì kọ́kọ́ dé láàárọ̀ kí ẹ tó dé ọ̀dọ̀ adìẹ. Ẹ fún adìẹ ní oògùn aràn pẹ̀lú (levamisole tàbí fenbendazole, bí dókítà bá ṣe wọ̀n ọ́n).

Oúnjẹ wo ni kí n rà, báwo ni yóò sì ṣe pọ̀ tó? Mo fẹ́ ta wọ́n ní Kérésì. (Abẹ́òkúta)

Ọmọ tòlótòló ń fẹ́ purotéènì bíi 28 nínú ọgọ́rùn-ún títí di ọ̀sẹ̀ kẹjọ. Tí sítátà (oúnjẹ ìbẹ̀rẹ̀) tòlótòló bá wà lágbègbè yín, òun ni kí ẹ rà. Sítátà àwọn adìẹ ẹlẹ́ran sábà máa ń jẹ́ 22 tàbí 23. Ẹ po kílò méjì ààbọ̀ ẹja lílọ̀ tó dára (èyí tó ní purotéènì 65 nínú ọgọ́rùn-ún) mọ́ àpò 25 kílò rẹ̀, á gòkè dé nǹkan bíi 26. Ẹja lílọ̀ oníyọ̀ ń pa àwọn ọmọ, ẹ tọ́ ọ wò kí ẹ tó rà á. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kẹjọ, gírówà (oúnjẹ ìdàgbà) tó ní 20 sí 22 tó. Láti ọ̀sẹ̀ kẹrìnlá, fíníṣà (oúnjẹ ìparí). Oúnjẹ adìẹ ẹlẹ́yin ò gbọdọ̀ dé iwájú wọn, kálísíọ́ọ̀mù tó wà nínú rẹ̀ á ba kíndìnrín àwọn ọmọ jẹ́.

Tòlótòló òyìnbó funfun máa ń jẹ kílò méjì ààbọ̀ sí mẹ́ta kó tó fi kílò kan kún ara. Èyí tó bá máa tẹ̀wọ̀n tó kílò mẹ́wàá á ti jẹ ju àpò 25 kílò kan lọ. Ẹ fi ìyẹn ṣírò owó yín kí ẹ tó ra ọmọ kan ṣoṣo. Ní ti Kérésì, tí ẹ bá fẹ́ kó pé ogún ọ̀sẹ̀ ní ogúnjọ́ oṣù Kejìlá, ọjọ́ kejì oṣù Kẹjọ ni kí ọmọ ọlọ́jọ́ kan ti wọlé. Ti ìbílẹ̀ kì í yára tó bẹ́ẹ̀, ẹ tètè bẹ̀rẹ̀.

Àgbàdo tàbí ẹ̀pà tó ti bu, ẹ dà á nù. Lọ́dún 1960, tòlótòló tó lé ní 100,000 kú ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tí wọ́n tọpa rẹ̀, wọ́n bá a nínú ẹ̀pà lílọ̀ tó bu, tí wọ́n kó wá láti Brazil. Ibẹ̀ ni wọ́n ti mọ májèlé tí wọ́n ń pè ní aflatoxin.

Kókó bo orí akọ tòlótòló mi. Ṣé kí n fi ọwọ́ ṣí i kúrò? (Ìlọrin)

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́kọ́ wò ó dáadáa. Tó bá rọ̀, tó pupa, tó ń di búlúù tàbí funfun nígbà tínú bá ń bí i, orí rẹ̀ ni, bí Ọlọ́run ṣe dá a nìyẹn. Tó bá gbẹ, tó le, tó dúdú bí èépá, àrùn tí wọ́n ń pè ní fowl pox ni, ẹ̀fọn ló sì sábà máa ń gbé e wá. Ẹ má ṣí i: inú èépá yẹn ni àrùn náà wà. Ẹ yà á sọ́tọ̀, ẹ fi áyódínì pa á, ó sábà máa ń gbẹ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin. Àwọn tí kò tíì mú, ẹ jẹ́ kí dókítà gún wọn ní àjẹsára nítan, kí ẹ sì da omi inú táyà àti garawa nù.

Mo gbé ẹyin tòlótòló mẹ́fà sábẹ́ adìẹ. Ó di ọjọ́ kẹtàlélógún, kò pa, mo fọ́ ọ wò, mo bá ọmọ alààyè nínú rẹ̀. (Ọ̀yọ́)

Ẹ pẹ̀lẹ́. Ọjọ́ méjìdínlọ́gbọ̀n ni ẹyin tòlótòló ń lò, mọ́kànlélógún ni ti adìẹ. Bí ẹ bá fẹ́ kó sàba lé méjèèjì pọ̀, ẹ gbé ti tòlótòló síbẹ̀ ní ọjọ́ méje ṣáájú ti adìẹ. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá pa, ẹ kó àwọn ọmọ tòlótòló kúrò lábẹ́ rẹ̀ lọ síbi iná, torí ohun tí a sọ fún ẹni Ìjẹ̀bú-Òde lókè yẹn.