Kí ló dé tí wọ́n fi ń fi àsofẹ́yẹjẹ wo wèrè?

Àbúrò mi tó béèrè pé kí ló fà á táwọn oníṣègùn wa fi ń fún alárùn ọpọlọ ní egbò igi àsofẹ́yẹjẹ, pé ṣé àṣà lásán ni àbí nǹkan wà ńbẹ̀, nǹkan wà ńbẹ̀ gan-an o.

Ẹ wò ó, tí ẹ̀rù bá bà wá tàbí tí inú bá ń bí wa, àyà á máa lù kìkìkì, ara á máa gbọ̀n, BP á sì lọ sókè. Iṣan ìmọ̀lára ló ń fà á, àwọn kẹ́míkà kan wà tó kó pamọ́ síbi tó parí sí tó máa ń tú sára ọkàn àtàwọn òpó ẹ̀jẹ̀. Reserpine, èròjà kan tó wà nínú àsofẹ́yẹjẹ, kì í jẹ́ kí iṣan yẹn rí kẹ́míkà ẹ̀ tọ́jú mọ́, díẹ̀díẹ̀ á gbẹ tán, BP á wálẹ̀, ọpọlọ náà á rọlẹ̀ torí irú kẹ́míkà yẹn kan náà ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, aláìsàn á sì rí oorun sùn. Ìdí nìyẹn tí egbò kan fi ń wo àìsàn méjì, wèrè àti ẹ̀jẹ̀ ríru, tó dà bíi pé wọn ò tan rárá.

Àwọn ará Íńdíà náà ní ẹbí igi yìí, ọjọ́ pẹ́ tí wọ́n ti ń fi wo wèrè. 1949 ni Dókítà Rustom Jal Vakil kọ̀wé pé ó ń mú ẹ̀jẹ̀ ríru wálẹ̀, nígbà tó di 1952 ilé iṣẹ́ oògùn Ciba ní Switzerland yọ reserpine jáde lára ẹ̀. Tiwa ńkọ́? Ní Aro l'Abẹ́òkúta, ilé ìwòsàn àwọn alárùn ọpọlọ, níbi tí Dókítà Lambo ti pe àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ mọ́ra, dókítà ará Kánádà kan tó ń jẹ́ Raymond Prince ṣiṣẹ́ níbẹ̀, ó sì gbé e jáde ní 1960 pé àsofẹ́yẹjẹ làwọn oníṣègùn wa fi ń wo wèrè. Àwọn baba wa ò ní ẹ̀rọ kankan o, wọ́n ṣáà fara balẹ̀ wo aláìsàn ni, ó sì yẹ ká máa bọ̀wọ̀ fún wọn nítorí ẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lọ máa se é mu nílé. Reserpine tó bá pọ̀ lè jẹ́ kí ìbànújẹ́ ọkàn tó le gan-an mú èèyàn, ó wà lára ohun tó jẹ́ káwọn dókítà fi í sílẹ̀ nígbà tí oògùn míì dé, bẹ́ẹ̀ sì rèé kò sẹ́ni tó mọ iye tó wà nínú ife àgbo kan. Ẹni tó bá ti ń lo oògùn BP tó tún mu ún, ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ lè lọ sílẹ̀ jù kó ṣubú lulẹ̀, torí náà tẹ́ ẹ bá ti mu ún, ẹ sọ fún dókítà yín kó tó kọ oògùn fún yín.