Kí Ló Wà Nínú Workhouse Tí Àwọn Àgbà Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì Fi Ń Bẹ̀rù Rẹ̀ Títí Dòní?

Ìbéèrè: Arábìnrin kan tó ń tọ́jú àwọn arúgbó nílùú Leeds béèrè pé kí ló dé tí màmá àgbàlagbà kan tí òun ń tọ́jú fi kọ̀ jálẹ̀ pé òun ò ní sùn ní ilé ìwòsàn St James's, tó ń pariwo pé "workhouse nìyẹn o." Màmá yìí kan náà ti ń dá owó ìsìnkú ara rẹ̀ pamọ́ láti kékeré. Ṣé àrùn ìgbàgbé ló dé ni, àbí àṣà wọn ni?

Ìdáhùn: Ẹ kú iṣẹ́ takuntakun o, arábìnrin wa. Àrùn ìgbàgbé kọ́. Màmá yẹn rántí dáadáa ni. Workhouse ìlú Leeds, tí wọ́n ṣí ní 1861, inú ọgbà St James's yẹn ló wà. Ilé àtijọ́ náà ṣì dúró, òun ni wọ́n sọ di ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ìmọ̀ ìṣègùn tí wọ́n ń pè ní Thackray. Leeds nìkan sì kọ́. Ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn tí àwọn ọmọ wa ti ń ṣe nọ́ọ̀sì ní Ìlú Ọba, workhouse ni wọ́n tẹ́lẹ̀. St Pancras ní Lọ́ńdọ̀nù wà lára wọn.

Ilé ńlá tí wọ́n ń kó àwọn tí ìyà ń jẹ sí ni workhouse: arúgbó tí kò lẹ́nìkan, opó, ọmọ òrukàn, aláìsàn, ọmọge tó lóyún tí kò lọ́kọ, ọkùnrin tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n á fún wọn lóúnjẹ àti ibùsùn, àwọn náà á sì máa ṣiṣẹ́. Téèyàn bá gbọ́ ọ báyìí, á jọ ọ́ lójú bí oore. Àmọ́ àwọn tó ṣòfin rẹ̀ ò fẹ́ kó jọ oore.

Láti 1601, nígbà ayé Ọbabìnrin Elizabeth Kìíní, òfin ti sọ pé kí páríìṣì kọ̀ọ̀kan, ìyẹn àdúgbò tó wà lábẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì kan, máa tọ́jú aláìní tirẹ̀ látinú owó tí àwọn tó ń lo ilé àti ilẹ̀ ibẹ̀ ń san. Lọ́pọ̀ ìgbà, ilé ẹni náà ni owó tàbí búrẹ́dì máa ń bá a. Ní 1795, nígbà tí búrẹ́dì wọ́n gógó, àwọn adájọ́ Berkshire pàdé ní Speenhamland, wọ́n ní tí owó iṣẹ́ lébìrà ò bá tó bọ́ ìyàwó àtọmọ, kí páríìṣì fi kún un. Ọ̀pọ̀ àdúgbò ní gúúsù náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà tó fi máa di 1832, owó ìrànwọ́ ti tó nǹkan bíi £7 mílíọ̀nù lọ́dún, àwọn tó ń san án sì ti ń kùn. Ìjọba gbé ìgbìmọ̀ dìde. Nassau Senior, onímọ̀ ọrọ̀ ajé, àti Edwin Chadwick, agbẹjọ́rò, ló kọ èyí tó pọ̀ jù nínú àbọ̀ wọn, ohun tí wọ́n sì sọ ni pé ìrànwọ́ yẹn gan-an ló ń sọ èèyàn di ọ̀lẹ. Lójú tèmi, wọ́n ti mọ ìdáhùn tí wọ́n fẹ́ kí wọ́n tó béèrè ìbéèrè. Nígbà òtútù, iṣẹ́ oko kì í sí ní àwọn abúlé gúúsù. Kí ni lébìrà ibẹ̀ fẹ́ ṣe?

Òfin tuntun jáde ní 1834. Wọ́n pa nǹkan bíi 15,000 páríìṣì pọ̀ di àkójọ bíi 600, àkójọ kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú workhouse tirẹ̀ àti ìgbìmọ̀ alábòójútó tirẹ̀. Ìpìlẹ̀ òfin náà ni pé ayé ẹni tó ń gba ìrànwọ́ ò gbọ́dọ̀ dára tó ti lébìrà tó tòṣì jù tó ń fọwọ́ ara rẹ̀ jẹun. Ẹni tára rẹ̀ le tó bá fẹ́ ìrànwọ́, kó wọlé wá gbà á. Bí ebi bá ń pa á lóòótọ́, á wọlé; bí kò bá tíì dójú ẹ̀, á padà sílé. Ìtìjú ni wọ́n fi ṣe asẹ́.

Ibi tí ìtìjú ọ̀hún ti ń bẹ̀rẹ̀ ni ẹnu ọ̀nà. Wọ́n á bọ́ aṣọ ẹni, wọ́n á wẹ̀ ẹ́, wọ́n á wọ̀ ọ́ ní aṣọ ilé náà. Ọkọ á gba apá kan lọ, ìyàwó á gba apá kejì, wọ́n á kó àwọn ọmọ sí ibòmíràn. Tọkọtaya tí wọ́n ti jọ darúgbó pàápàá, bákan náà ni. Ìgbà tó di 1847 ni òfin tó ní kí wọ́n má ya àwọn tó ti lé ní 60 ọdún mọ́, ibi tí wọn ò sì ti náání rẹ̀ ò kéré. Wọ́n ń fi òṣùwọ̀n wọn búrẹ́dì, wọ́n sì ń bu ẹ̀kọ ọkà oat tó ṣàn fún wọn.

Iṣẹ́ ńkọ́? Àwọn ọkùnrin ń fọ́ òkúta. Tọkùnrin tobìnrin ló ń tú okùn ọkọ̀ òkun tó ti gbó, tí ọ̀dà ti gan mọ́ lára. Ọwọ́ lásán ni wọ́n fi ń fa fọ́nrán rẹ̀ yọ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan títí ìka á fi bó. Àwọn tó ń kan ọkọ̀ ló ń ra fọ́nrán náà, tí wọ́n ń fi dí àlàfo pákó. Ní Andover, ní Hampshire, eegun ẹran ni wọ́n ń gún láti fi ṣe ajílẹ̀. Ní 1845, aráyé gbọ́ pé ebi ń pa àwọn tó wà níbẹ̀ débi pé wọ́n ń jà lórí eegun tútù, tí wọ́n ń fa mùdùnmúdùn inú rẹ̀ jẹ. Ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin wádìí rẹ̀, ọ̀rọ̀ náà sì wà lára ohun tó tú àwọn kọmíṣọ́nnà tó ń bójú tó òfin 1834 ká ní 1847. Workhouse ò kásẹ̀ nílẹ̀ ní tiẹ̀.

Ẹ wá wo ọ̀rọ̀ owó ìsìnkú, torí ibẹ̀ gan-an ni ìbẹ̀rù màmá yín ti jinlẹ̀ jù. Òfin kan tó jáde ní 1832 gbà kí wọ́n gbé òkú ẹni tó kú sí workhouse, tí ẹbí ò bá wá gbé e, fún ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn kí wọ́n fi kọ́ṣẹ́. Èyí tí wọn ò bá gbé fún wọn, pósí pákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni, nínú kòtò tí wọ́n ń sin ọ̀pọ̀ èèyàn pọ̀ sí. Ikú yá ju ẹ̀sín lọ, ṣùgbọ́n níbí, ẹ̀sín ń dúró de èèyàn lẹ́yìn ikú. Ìdí nìyẹn tí àwọn òtòṣì fi ń dá pẹ́nì kọ̀ọ̀kan lọ́sẹ̀ sí ẹgbẹ́ ìsìnkú, tó sì jẹ́ pé nígbà tí Prudential, ilé iṣẹ́ ìbánigbófò kan, bẹ̀rẹ̀ sí rán àwọn agbowó káàkiri ojúlé lẹ́yìn 1854, èrò ya lù wọ́n. Ilé tí kò rí ẹran jẹ ń wá pẹ́nì yẹn san. Àwọn tó ń sọ pé òkú sínsin ò jọ òyìnbó lójú ò mọ ìtàn yìí.

Kì í ṣe gbogbo aláìní ló wọ workhouse o. Jálẹ̀ ọ̀rúndún yẹn, àwọn tó gba ìrànwọ́ nílé wọn ló pọ̀ jù, torí pé ó dín owó kù. Ìlú Todmorden ní àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tiẹ̀ kọ̀, wọn ò kọ́ ọ̀kan títí di ọdún 1870 sókè. Síbẹ̀, ẹnikẹ́ni tó bá ń gba ìrànwọ́ pàdánù ẹ̀tọ́ ìdìbò rẹ̀, ìyẹn ò sì yí padà títí di 1918.

Owó ìfẹ̀yìntì ló kọ́kọ́ gba àwọn arúgbó lọ́wọ́ ẹ̀rù yìí. Ní January 1, 1909, àwọn tó ti pé 70 ọdún bẹ̀rẹ̀ sí gba ṣílè márùn-ún lọ́sẹ̀ ní ilé ìfìwéránṣẹ́, láìsí pé ẹnì kan ń bọ́ wọn láṣọ. Wọ́n tú àwọn ìgbìmọ̀ alábòójútó ká ní 1930, ṣùgbọ́n òfin náà fúnra rẹ̀ ò kúrò nílẹ̀ títí di 1948. Ẹni tí wọ́n bí ṣáájú ìgbà yẹn bá a láyé, àwọn òbí rẹ̀ sì ti fi dẹ́rù bà á.

Nítorí náà, ẹ má bá màmá jiyàn pé workhouse kọ́ nìyẹn. Ohun méjì ló ṣeé ṣe kó máa dà á láàmú: ṣé wọ́n máa yà mí kúrò lọ́dọ̀ àwọn èèyàn mi, ta ló sì máa sin mí? Ẹ sọ àkókò tí àwọn ẹbí lè wá kí i fún un, kí ẹni tí ìwé owó ìsìnkú rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀ sì mú un wá, kí màmá fi ojú ara rẹ̀ rí i kí wọ́n tó gbé e lọ sí ilé ìwòsàn.