Èsì: Omi tútù, ọ̀rá aláwọ̀ búráùn àti àtọ̀gbẹ

Ẹ̀gbọ́n, ẹ bèèrè bóyá wíwẹ omi tútù lè jí ọ̀rá aláwọ̀ búráùn, kí àtọ̀gbẹ lè lọ. Lóòótọ́, ọ̀rá yìí, tó wà ní ọrùn àti òkè èjìká, ń jó ṣúgà láti mú ara gbóná, àmọ́ ó sábà máa ń kéré lára ẹni tó sanra jù. Nínú ìwádìí kan ní Netherlands ní 2015, àwọn alátọ̀gbẹ oríṣi kejì 8 wà nínú òtútù dígírí 14 sí 15 fún ọjọ́ 10, ó tó wákàtí 6 lójúmọ́. Ínsúlíìnì, èròjà tó ń kó ṣúgà kúrò nínú ẹ̀jẹ̀, ṣiṣẹ́ dáadáa sí i lára wọn. Iṣan ẹran ara, kì í ṣe ọ̀rá yìí, ló ṣe èyí tó pọ̀ jù, ìwọ̀n ara wọn ò sì dín kù. Ìwẹ̀ ìṣẹ́jú márùn-ún ò lè tó o! Oúnjẹ ni kí ẹ kọ́kọ́ mójú tó. Bí ẹ bá ń lo Daonil (oògùn àtọ̀gbẹ) tàbí ínsúlíìnì, ẹ rí dókítà kí ẹ tó dín oúnjẹ kù, torí ṣúgà lè já wálẹ̀ lójijì.