Bẹ́ẹ̀dì mi dojú kọ dóò

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ̀rẹ́ mi ní feng shui, ìyẹn ọgbọ́n àwọn ará Ṣáínà nípa bí wọ́n ṣe ń to ilé, ò fẹ́ kí ẹsẹ̀ èèyàn kọjú sí dóò tó bá ń sùn, bẹ́ẹ̀ bí bẹ́ẹ̀dì tèmi ṣe wà gan-an nìyẹn, jígí ńlá tún wà níwájú ẹ̀. Kí ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: Òótọ́ ló sọ. Àwọn ará Ṣáínà ní bí wọ́n ṣe ń gbé òkú jáde nìyẹn, ẹsẹ̀ ló ń ṣíwájú (ẹ má jáyà o!). Ẹ sún bẹ́ẹ̀dì sí ibi tẹ́ ẹ ti lè máa rí dóò láìdojú kọ ọ́ tààrà, kí ibi tẹ́ ẹ̀ ń gbórí sí fara ti ògiri. Jígí yẹn, ẹ ta aṣọ bò ó lálẹ́ tẹ́ ò bá lè yọ ọ́. Ẹ palẹ̀ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì náà mọ́, torí wọ́n ní qi, ìyẹn èémí inú ilé, ò kí ń ráàyè kọjá láàárín pàǹtí.