Pẹ́nì bàbà ọdún 1797: ṣé èyí tó ń dán ni kí n rà àbí èyí tó dúdú?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Manchester ni mo wà, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kó owó àtijọ́ jọ ni. Pẹ́nì bàbà ńlá ti Ọba George Kẹta, ti ọdún 1797, ni mo fẹ́ rà, mo sì rí méjì ọnláìnì, fọ́tò wọn rèé. Àkọ́kọ́ ń dán yanranyanran, £90 ni, ẹni tó ń tà á ní ẹnikẹ́ni ò ná an rí. Ìkejì ti pọ́n dúdú, £55. Èyí tó ń dán ló wù mí àmọ́ owó ẹ̀ pọ̀. Ṣé kí n kúkú ra èyí tó dúdú, kí n fi ọsàn wẹ́wẹ́ àti iyọ̀ fọ̀ ọ́ kó lè dán bíi ti àkọ́kọ́?

Ìdáhùn: Má fọ̀ ọ́. Jọ̀ọ́, àbúrò mi, má fọ̀ ọ́.

Ìbéèrè yìí, tàbí ẹ̀gbọ́n ẹ̀, tàbí àbúrò ẹ̀, ni wọ́n ń bi mí ṣáá, ó sì ń dùn mí torí ìgbà tí ọ̀pọ̀ èèyàn bá fi máa bi mí, wọ́n á ti fi ọsàn ba nǹkan jẹ́. Ìwọ bi mí kó o tó ṣe é, o ṣeun. Ṣùgbọ́n ibi tó o ti bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ yẹn gan-an ni ò tọ́. O rò pé tuntun ni ọ̀kan, pé ìkejì gbó. Nínú fọ́tò tó o fi ránṣẹ́ yìí, méjèèjì ni wọ́n ti ná dáadáa. Ohun tó yà wọ́n sọ́tọ̀ ni pé ẹnì kan ti bó ọ̀kan láwọ̀.

Mo mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ọsàn wẹ́wẹ́ ti wá. Lọ́dọ̀ tiwa, idẹ tí ò bá dán, a máa ní ẹni tó ni ín ò tọ́jú ẹ̀ ni, àwọn ìyá wa á fi ọsàn àti iyanrìn fọ ẹ̀gbà idẹ títí táá fi máa kọ mànà, ó sì dáa bẹ́ẹ̀ torí ohun ọ̀ṣọ́ ni. Owó àtijọ́ ò rí bẹ́ẹ̀. Ojú ẹ̀ bí ọdún ṣe fi í sílẹ̀, òun gan-an lo ń sanwó fún.

Jẹ́ kí n ṣàlàyé ẹ̀. Ọwọ́ Matthew Boulton ni pẹ́nì 1797 yẹn ti jáde, ní iléeṣẹ́ ẹ̀ ní Soho ní Birmingham, ẹ̀rọ tó ń fi ooru omi ṣiṣẹ́ ló fi tẹ̀ ẹ́. Nígbà tí òǹtẹ̀ bá já lu bàbà pẹlẹbẹ, bàbà yẹn máa ń ṣàn lábẹ́ ẹ̀ láti àárín lọ sí etí, á wá fi àwọn ilà tín-ín-tín sílẹ̀ tí ojú lásán ò lè rí. Àwọn ilà yẹn ló ń mú kí ìmọ́lẹ̀ máa sáré yí po lójú owó tuntun tó o bá ń yí i lọ́wọ́. Lẹ́yìn ìyẹn ni atẹ́gùn, ọ̀rinrin àti òógùn ọwọ́ èèyàn á bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tiwọn, bàbà á wá fi awọ bo ara ẹ̀, pupa rẹ́rẹ́ á máa ṣí díẹ̀díẹ̀ títí táá fi pọ́n dúdú. Awọ yẹn kì í ṣe ìdọ̀tí o! Ara owó náà ló hù ú, òun ló sì ń dáàbò bo bàbà tó wà nísàlẹ̀.

Ọsàn wẹ́wẹ́, ásíìdì ni. Fínígà, ásíìdì ni. Coca-Cola tí àwọn èèyàn ń fi ṣe é nínú fídíò ọnláìnì, òun náà ní ásíìdì nínú. Gbogbo wọn á jẹ awọ yẹn kúrò, á sì kó àwọn ilà tí mo sọ yẹn lọ pẹ̀lú ẹ̀, kò sì sí ẹni tó lè dá wọn padà, èmi ò lè ṣe é, ilé tí wọ́n ti ń rọ owó gan-an ò lè ṣe é. Iyọ̀ tó o fẹ́ fi kún un á jẹ́ kó tètè bàjẹ́ ni, èyí tó bá sì há sí abẹ́ lẹ́tà á jókòó síbẹ̀, tó bá yá wàá máa rí àwọ̀ ewé tó ń yọ jáde. Brasso àti ọṣẹ ìfọyín tún burú ju ìyẹn lọ torí fífá ni wọ́n ń fá ojú ẹ̀. Owó tó bóra ni, bí èèyàn tó bóra náà ló rí, pupa ẹ̀ kì í jọ pupa àbímọ́ni, á máa rí ràkọ̀ràkọ̀, oríkèé ọwọ́ á ṣì dúdú, ẹni tó bá mọ nǹkan á ti mọ̀ látòkèèrè.

Oríkèé ọwọ́ yẹn gan-an ni kó o wá nínú fọ́tò £90 yẹn. Wo ìdí àwọn lẹ́tà GEORGIUS, dúdú tí ọṣẹ kò dé ṣì wà níbẹ̀. Wá wo ewé tí wọ́n fi ṣe adé sórí ọba, ó ti pa rẹ́, irun ẹ̀bá etí ẹ̀ náà ti pa rẹ́, ìgbáàyà Britannia, obìnrin tí wọ́n yà sẹ́yìn owó náà, ti tẹ́ pẹrẹsẹ. Bàbà ò lè wà lọ́wọ́ èèyàn títí ewé orí ọba á fi pa rẹ́ kí dídán ọjọ́ àkọ́kọ́ ẹ̀ ṣì wà lára ẹ̀. Dídán ló kọ́kọ́ ń lọ! Tó o bá rí owó bàbà tí àwòrán ẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa rẹ́, tó sì tún pupa kárí ara ẹ̀, wọ́n ti fọ̀ ọ́, kò sí àlàyé míì. Kí ẹnì kan wá máa pe ìyẹn ní owó tẹ́nì kankan ò ná rí, kó tún fi £35 lé e, inú ń bí mi, torí àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ bíi tìẹ ni wọ́n ń fi jẹun. Tó o bá gbé e lọ fún PCGS tàbí NGC, àwọn tó ń yẹ owó wò tí wọ́n ń fi máàkì sí i, bí wọ́n bá rí i pé wọ́n ti fọ̀ ọ́, "Details" ni wọ́n á kọ sí i lára, wọn ò ní fún un ní máàkì tó mọ́. Àwọn yẹn náà ní RD fún èyí tó ṣì pupa, RB fún èyí tó ti dàpọ̀, BN fún èyí tó ti pọ́n dúdú, kò sì sí ìtìjú kankan nínú BN.

Fọ́tò ni mo rí o, owó náà ò dé ọwọ́ mi, torí náà má fi ọ̀rọ̀ mi lọ bá ẹni yẹn jà. Tó o bá fẹ́ kó dá ẹ lójú, ní kó ṣe fídíò fún ẹ lábẹ́ gílóòbù kan ṣoṣo, kó máa yí owó náà díẹ̀díẹ̀. Tí ìmọ́lẹ̀ bá ń rìn yí po, ó dáa. Tó bá kàn ń dán lójú kan bí páànù, ó ti tán.

Èyí tó dúdú ni kó o rà, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo dúdú náà ló dáa. Àwọ̀ ewé tó bá ń hó bíi lẹ́búlẹ́bú tó sì ti ń jẹ ihò sára owó, fi í sílẹ̀. Ní kó wọ̀n ọ́n fún ẹ, áńsì kan ni wọ́n rọ pẹ́nì yẹn sí, nǹkan bíi gíráàmù 28, fífẹ̀ ẹ̀ á tó mìlímítà 36, òòfà ò sì gbọ́dọ̀ fà á. Èyí tó ti gbó lè fẹ́ẹ́rẹ́ díẹ̀, àmọ́ tó bá ní gíráàmù 22, ayédèrú ni kó o fura sí.

Ẹ̀yin yòókù tẹ́ ẹ máa ń bi mí nípa pẹ́nì 1933, ìwọ̀nba péréte ló wà láyé, èyí tí wọ́n ń tà fún yín ní £40 kì í ṣe ara wọn. Kọ́bọ̀ oníhò Nàìjíríà ti 1959 tí bàbá yín tọ́jú náà dáa, ẹ tọ́jú ẹ̀, ṣùgbọ́n ó pọ̀ nílẹ̀ gan-an, ẹni tó bá ní òun á rà á ní mílíọ̀nù tó sì ní kẹ́ ẹ kọ́kọ́ san owó kan, olè ni.

Mi ò sọ pé £55 yẹn á di £500 lọ́la o. Ra owó bàbà torí pé ó wù ẹ́. Tó bá jẹ́ ọlọ́jà gidi lo fẹ́ rà á lọ́wọ́ ẹ̀ ọnláìnì, òfin ìlú Gẹ̀ẹ́sì fún ẹ ní ọjọ́ 14 láti yí ọkàn padà lẹ́yìn tó bá dé ọwọ́ ẹ, àmọ́ tó bá jẹ́ ẹnì kan lásán tó ń ta ẹrù ilé ẹ̀ ni, òfin yẹn lè má bò ẹ́, nítorí náà bi í kó o tó sanwó. Tó bá dé, etí ẹ̀ ni kó o máa dì mú, má fọwọ́ kan ojú ẹ̀, má sì fi í sínú rọ́bà rírọ̀ tó ń rùn, ohun tó ń jáde lára rọ́bà yẹn ń ba bàbà jẹ́.

Ohun kan ṣoṣo tí mi ò rí nínú fọ́tò ìkejì ni etí ẹ̀. Owó yẹn wúwo, tó bá já bọ́, etí ẹ̀ ló ń fara gbá a, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ti tẹ̀ níbì kan. Ní kó ya etí ẹ̀ yí po fún ẹ. Tó bá ti tẹ̀ lójú méjì mẹ́ta, £40 ni kó o kọ́kọ́ pè é, má sì kọjá £45.