Ẹ Bi Wá: Báwo ni gọ́ọ̀sì ṣe ń há sínú aláìsàn?

Ẹ kú iṣẹ́ o. Oṣù 2 sẹ́yìn ni wọ́n ṣe CS (iṣẹ́ abẹ ìbímọ) fún ìyàwó mi ní ọsibítù aládàáni kan nítòsí wa. Láti ìgbà náà ni inú ti ń dùn ún, ibà ń lọ ó ń bọ̀, ojú ọgbẹ́ sì ń ṣomi. Nígbà tí wọ́n ṣe síkáànù, wọ́n ní ó jọ gọ́ọ̀sì, aṣọ tí wọ́n fi ń nu ẹ̀jẹ̀, ló há sínú rẹ̀. Ṣebí dókítà àti nọ́ọ̀sì ló wà níbẹ̀, báwo ni wọn ò ṣe rí i? Ibo ni kí n fẹjọ́ sùn sí?
— Bàbá Ìkókó, Ìsọlọ̀

Ẹ kú ìfaradà, sà. Ìtọ́jú ló ṣáájú ẹjọ́. Bí ibà bá ga, tí wọ́n bá ń bì, tàbí tí wọn ò lè yàgbẹ́ tí wọn ò sì lè só, ẹ má dúró dọ̀la. Ibi tí oníṣẹ́ abẹ wà tọ̀sán-tòru ni kí ẹ gbé wọn lọ, bíi LUTH n'Ídí-Àràbà tàbí LASUTH n'Íkẹjà. Gọ́ọ̀sì kì í yọ́ nínú ara. Ó lè kó ọyún jọ, ó sì lè dí ìfun.

Bí ẹ̀jẹ̀ bá rin gọ́ọ̀sì, á rọ̀, á wá jọ ìfun gan-an. Ojú ò lè yà á sọ́tọ̀ mọ́, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń kà á. Èèyàn méjì ló gbọ́dọ̀ jọ kà á sókè: nọ́ọ̀sì tó ń na irinṣẹ́ sí dókítà, àti èyí tó ń rìn káàkiri yàrá. Wọ́n á kà á kí abẹ tó kan ara, kí wọ́n tó rán ilé ọmọ, kí wọ́n tó pa ikùn dé, àti nígbà tí wọ́n bá ń rán awọ. Wọ́n á máa kọ iye rẹ̀ sójú pátákó. Èyí tí wọ́n ti lò, márùn-ún márùn-ún ni wọ́n ń tò ó. Wọn kì í gé e sí méjì, kò sì gbọdọ̀ jáde ní yàrá náà títí iṣẹ́ á fi parí. Èyí tó fẹ̀, tí wọ́n fi ń ti ìfun sẹ́yìn, máa ń ní okùn lẹ́yìn, ìta ikùn ló sì yẹ kí okùn náà wà. Bí ẹyọ kan bá dín, kí gbogbo ọwọ́ dúró. Wọ́n á wá inú ikùn, abẹ́ aṣọ, ilẹ̀ àti garawa ìdọ̀tí. Bí kò bá sí níbẹ̀, X-ray ló kàn, kí aláìsàn tó kúrò lórí tábìlì.

Iṣẹ́ pàjáwìrì ló sábà máa ń da ètò yìí rú: ẹ̀jẹ̀ ń ya, nọ́ọ̀sì kan ń gbaṣẹ́ lọ́wọ́ èkejì, iná lọ kí jẹnẹrétọ̀ tó gbà á. Ẹlòmíì á tún dá kà á. “Ó pé” ni ìwé sábà máa ń wí nínú irú ọ̀ràn yìí, nítorí náà ẹ má jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yẹn pa yín lẹ́nu mọ́. Ohun kan tún wà: gọ́ọ̀sì iṣẹ́ abẹ gidi ní okùn tín-ín-rín kan lára, tó máa ń hàn funfun nínú X-ray. Èyí tí wọ́n fi sísọ́ọ̀sì gé lára rólù ò ní in. Tí X-ray ò bá rí nǹkan, ẹ béèrè CT scan.

Ẹ̀jẹ̀ lè ya, ọgbẹ́ sì lè kẹ̀, kó má jẹ́ ẹ̀bi ẹnikẹ́ni. Ti gọ́ọ̀sì ò rí bẹ́ẹ̀. Nígbà tí wọ́n bá yọ ọ́, kí wọ́n ya fọ́tò rẹ̀, kí dókítà kọ ohun tó rí sínú fáìlì, kí wọ́n má sì dà á nù. Ẹ kọ lẹ́tà sí ọsibítù àkọ́kọ́, kí ẹ béèrè ẹ̀dà ìwé iṣẹ́ abẹ, ti abẹ́rẹ́ oorun àti ti gọ́ọ̀sì kíkà. Kí wọ́n lu òǹtẹ̀ sí ẹ̀dà tó wà lọ́wọ́ yín. Ìwé ẹ̀tọ́ aláìsàn tí ìjọba àpapọ̀ gbé jáde ní 2018 tì yín lẹ́yìn. HEFAMAA, àjọ tó ń mójú tó ilé ìwòsàn l'Ékòó, ni kí ẹ fẹjọ́ ọsibítù sùn. Ti dókítà fúnra rẹ̀, MDCN, àjọ tó ń fún dókítà níwèé àṣẹ iṣẹ́, ni, pẹ̀lú ìwé ìbúra. Wọ́n lè bá a wí, kí wọ́n dá a dúró, tàbí kí wọ́n yọ orúkọ rẹ̀ kúrò nínú ìwé àwọn dókítà. Ṣùgbọ́n wọn ò ní gba owó fún yín, kóòtù ni ti owó. Ẹ tètè rí lọ́yà. Ká ní ọsibítù ìjọba ni, tí oṣù 3 bá ti kọjá, wọ́n lè ní ẹjọ́ ti kú.

Wọ́n fẹ́ ṣiṣẹ́ ìpá apá ọ̀tún fún bàbá mi. Láàárọ̀ kan ṣoṣo, ẹni mẹ́rin ló bi wọ́n lórúkọ. Inú ń bí wọn. Ṣé wọn ò ní fáìlì ni?
— Ọmọ Bàbá, Ìsàlẹ̀ Èkó

Ẹ bá wa bẹ Bàbá. Ọsibítù tí kò béèrè ló yẹ kó bí wọn nínú. Látọdún 2008 ni àjọ ìlera àgbáyé ti ní kí wọ́n máa yẹ aláìsàn wò nígbà mẹ́ta: kí wọ́n tó fún un lábẹ́rẹ́ oorun, kí abẹ tó kàn án, àti kó tó kúrò ní tíátà. Kí Bàbá fẹnu ara wọn sọ orúkọ. Bí nọ́ọ̀sì bá ní “Alhaji, ẹ̀yin ni ti ìpá, àbí?”, “bẹ́ẹ̀ ni” ni àgbàlagbà tí etí rẹ̀ wúwo máa dáhùn, Alhaji sì lè pé mẹ́ta nínú wọ́ọ̀dù kan. Nọ́ńbà ọsibítù tí wọ́n so mọ́ wọn lọ́rùn ọwọ́ ṣe pàtàkì ju oyè lọ. Kí dókítà tó máa ṣiṣẹ́ náà sì sàmì sí apá ọ̀tún nígbà tí ojú wọn ṣì dá, pẹ̀lú bírò tí omi ò lè fọ̀.

Aago 8 àárọ̀ ni iṣẹ́ abẹ mi. Wọ́n ní kí n má jẹun. Ṣé mo lè mu ẹ̀kọ díẹ̀?
— Sister Bọ́sẹ̀, Yaba

Rárá o. Oúnjẹ ni ẹ̀kọ, oúnjẹ ni tíì oní mílíìkì. Ó kéré tán, wákàtí 6 ló gbọ́dọ̀ wà láàárín oúnjẹ àti abẹ́rẹ́ oorun. Omi lásán, wákàtí 2, àfi bí dókítà yín bá ní kó pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Béèyàn bá ti sùn lọ, ọ̀fun ò lè dáàbò bo ẹ̀dọ̀fóró mọ́, ohun tó wà nínú ikùn lè gòkè wá gba ibẹ̀ lọ. Bí ẹ bá ṣèèṣì mu ún, ẹ sọ, wọ́n á sún iṣẹ́ síwájú. Bí ẹ bá ń mu àgbo, ẹ sọ ìyẹn náà, torí òmíràn máa ń jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ pẹ́ kó tó dá. Kódà bó jẹ́ ti jẹ̀díjẹ̀dí.