Ṣé fúrá dà nónò ń ṣara lóore, báwo ni wọ́n sì ṣe ń ṣe é?

Ó ń ṣara lóore gan-an. Ìṣù jéró tí àwọn Haúsá àti Fúlàní ń rún sínú nónò, ìyẹn wàrà kíkan, ni. Jéró kò ní lysine tó, ìyẹn ọ̀kan lára àwọn èròjà protein tí ara nílò. Nónò ní in dáadáa, ó tún ní calcium fún egungun. Ìdí nìyẹn tí àwọn méjèèjì fi bára mu.

Ẹ po ife ìyẹ̀fun jéró 3 mọ́ atalẹ̀, kànáfùrù àti ata gbígbẹ díẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ ni kí ẹ máa ta omi gbígbóná sí i títí yóò fi dì mọ́ra. Bí omi bá pọ̀ jù, ìṣù á tú sínú ìkòkò. Ẹ ṣù ú róbótó, kí ẹ bọ̀ ọ́ nínú omi híhó fún bí ìṣẹ́jú 30. Gbígbóná ni kí ẹ gún un nínú odó o! Bó bá ti tutù, kò ní í fà, á máa ṣe hóró-hóró lẹ́nu. Ẹ tún un ṣù, ẹ fi ìyẹ̀fun ra á lára.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí wàrà hó kí ẹ tó jẹ́ kó kan, torí wàrà tí a kò sè lè kó àìsàn brucellosis ranni. Ṣúgà púpọ̀ ló ń ba oore fúrá dà nónò jẹ́.